Akọni Júù Tí Díákónì Fi Ṣe Àpẹẹrẹ

Lẹ́yìn tí àwọn kan sọ òkúta lu ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa ní ibùdókọ̀ ní Coolock, nílùú Dublin níbí, díákónì tó ń darí àwọn ọ̀dọ́ sọ ìtàn ọkùnrin Júù kan fún wa. Ó ní nígbà tí àwọn jàǹdùkú ń lu àwọn arúgbó Júù nílẹ̀ òkèèrè, ọkùnrin yìí kó ọ̀dọ́ jọ, ó kọ́ wọn ní ìjà, wọ́n sì ń sin àwọn arúgbó délé.

"Ọmọ Ísírẹ́lì ni!" ni díákónì wí.

Ní ìjọ tiwa, Júù yòówù kó jẹ́, ẹ̀jẹ̀ Dáfídì la kà á sí. Gbogbo wa ṣe àmín. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wà lára àwọn tó gba ọ̀pá lọ́wọ́ díákónì láti máa ṣọ́ ibùdókọ̀.

Nígbà tí a délé ní Lucan, mo wá ìtàn ọkùnrin náà lórí fóònù. Òótọ́ ni pé ó sin àwọn arúgbó délé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù, òun náà ṣẹ̀wọ̀n, ó sì ń wàásù pé kí wọ́n lé àwọn Lárúbáwá kúrò ní ilẹ̀ tí wọ́n bí wọn sí. Akọni làwọn Júù kan ń pè é. Ìtìjú ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tí àwọn tó sọ òkúta ń fẹ́ fún wa gan-an ni ọkùnrin náà ń fẹ́ fún ẹlòmíràn.

"Ṣé o mọ ibi tí ìtàn yẹn já sí?" ni mo bi ọmọ mi.

"Mo ti kà á tán, Mummy. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ grand, ó dáa."

"Ta ló máa sọ fún ẹ pé ìbẹ̀rẹ̀ ti parí?"

"Tí ẹ bá máa tẹ̀ lé mi lọ síbi ìṣọ́, ẹ má dé fìlà òwú yín tó ń tì mí lójú yẹn o."

Mo tẹ̀ lé e. Mo sì dé fìlà náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a wà ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà ìjọ, ọkùnrin kan jáde láti ilé ọtí, ó ní ká padà síbi tí a ti wá, ó sì tutọ́ síwájú àwọn ìyá àgbà. Àwọn ọ̀dọ́ na ọ̀pá sókè. Ó yí padà, ó ń yára lọ. Àwọn yòókù dúró, ọmọ mi kò dúró. Ó ń lé e lọ, ọ̀pá ti wà léjìká.

"Bá a!" ni díákónì kígbe.

N kò pe orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí níléèwé. Oríkì rẹ̀ ni mo pè, èyí tí mo máa ń fi tù ú nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá, mo sì fi oríkì ìdílé bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó dúró. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ pè mí bẹ́ẹ̀ níta?"

"Ó ti ń lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ lo fẹ́ lù."

"Màmá, ẹ ń kó ojo ràn wọ́n," ni díákónì wí.

"Ẹ má bínú, sà. Ọmọ tèmi ni mo pè."

Bọ́ọ̀sì dé. Ọmọ mi fi ọwọ́ méjèèjì na ọ̀pá náà sí díákónì, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, bí a ṣe kọ́ ọ láti fún àgbà ní nǹkan. Ó di ìyá àgbà tí wọ́n sọ òkúta lù lápá mú, wọ́n sì jọ wọ inú bọ́ọ̀sì.