Ọ̀sẹ̀ Tí Ojú àti Etí Ń Yọ

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Eruku bo páànù ilé wa ní àdúgbò Moshie Zongo, ètè mi là, a ò sì rí ṣóńṣó mọ́ṣáláṣí tó wà níwájú wa. Mo ń dáná omi ìwẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí aládùúgbò wa ti ilé ìwòsàn dé, tòun ti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Ìyá, wọ́n ní àrùn kan tó jọ éèyi ló sú ọmọ yìí lára o. Wọ́n ní kí aláboyún má sún mọ́ ọn."

Igi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi obìnrin, tí oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì, ti pọn ọmọ yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo ní kó pọ̀n ọ́n, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè mọ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe fún oyún àkọ́kọ́ nínú agbo ilé wa.

Èmi àti ọmọ mi wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wá fi àwòrán kan hàn wá lára ògiri, ọmọ inú oyún tó rí bí ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

"Nana, ìyá àgbà, ojú rè é. Ẹ̀gbẹ́ orí ló ti ń yọ, kó tó máa sún bọ̀ níwájú. Etí rè é nísàlẹ̀, lẹ́bàá ọrùn. Ibẹ̀ ni yóò ti máa gòkè."

Mo ti bí ọmọ márùn-ún, mi ò mọ̀ pé etí máa ń rìn.

"Ìgbà wo ló ń ṣe gbogbo èyí?"

"Ìsinsìnyí gan-an, Nana. Àrùn yìí sì lè ba ojú jẹ́, ó lè di etí pa. Àmọ́ bó bá ti ṣe aláboyún yìí rí nígbà èwe, ara rẹ̀ lè lé e. Ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ wo ni ara ọmọ tó pọ̀n yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sú? Òun la ó fi mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ náà ń sọ."

"Mi ò mọ̀," ni mo wí.

Nínú tròtrò, ọkọ̀ èrò tó ń gbé wa padà sílé, ọmọ mi gbọ́wọ́ lé ikùn. "Ìyá, bí kò bá gbọ́ràn, ẹ̀yin lẹ máa máa pè é o. Ohùn yín tó bẹ́ẹ̀." Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹ ò ṣáà mọ̀."

Mo mọ̀. Lọ́jọ́ tí sísú náà bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ Àlàmísì, ìyá ọmọ náà sọ fún mi: "Ìyá, ó ti ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà. Bóyá ó máa ń ràn." Èmi ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Eruku ọyẹ́ lásán! Òrí la máa fi pa á." Mo fi òrí pa á, mo sì gbé e sí ọmọ mi lẹ́yìn.

Títí ilẹ̀ fi ṣú, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ọmọ tó bá kọjá, etí rẹ̀ ni mò ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo jókòó sórí ẹní ọmọ mi, mo sọ ọ́ fún un láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ó fa ìró bo ikùn. Kò wojú mi.

"Agya ei, bàbá mi o! Ìyá. Ẹ wá ní ẹ ò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Èmi ńkọ́?"

Mo mú gèlè mi, mo lọ wọkọ̀ padà sí ilé ìwòsàn, mo sọ ọjọ́ náà fún nọ́ọ̀sì.