Àwòrán Ìyá Mi

Kò sí fọ́tò ìyá mi kankan láyé. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó kú, mo ṣì wà lẹ́nu ọmú. Nítorí pé ìyá tó bí i wà láàyè, àwọn àgbà ilé wa ní Iléṣà ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí ọmọ bá ṣáájú ìyá rẹ̀ lọ: wọ́n kó fọ́tò rẹ̀ jọ, wọ́n dáná sun gbogbo rẹ̀, kí ojú ìyá àgbà má baà bọ́ sí ọ̀kan níjọ́ kan.

Nígbà tí mo fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, ẹnì kan ló kù tó rántí ojú rẹ̀: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ fọ̀rọ̀ wá ayàwòrán kan lẹ́nu wò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, l'Óṣogbo. Mo rí àwòrán obìnrin òyìnbó kan lára ògiri rẹ̀, tó gé láti ara kàlẹ́ńdà. Aṣọ dúdú, ọrùn gígùn, ojú bí ẹni tó ń dúró de ìdáhùn.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ó ti tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí wọ́n ti yà á ní Ítálì. Ìyàwó mi tiẹ̀ ní kí n lé e jáde, ó ní ó ti ń wo òun jù."

Mo sọ fún un pé tèmi yàtọ̀. Mo mọ orúkọ ìyá mi, mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un. Ojú rẹ̀ ni mi ò mọ̀.

Ó ní: "Bí ẹnì kan bá ṣì wà tó rántí, ẹ jẹ́ ká lọ bá a. Kó máa sọ, kí n máa yà á."

A lọ. Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dijú. "Iwájú orí rẹ̀ yọ díẹ̀. Ó ní èjí. Ẹ má jẹ́ kó sanra o, kò sanra rí."

"Màmá, imú ńkọ́?"

"Bíi ti ọmọ yìí, àmọ́ tiẹ̀ ṣeé wò."

Ẹ̀rín pa gbogbo wa.

Nígbà tí àwòrán náà gbẹ, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e lọ sí Iléṣà. Bí Màmá bá lè ní òun nìyẹn, a jẹ́ pé mo ti rí ìyá mi.

Màmá wò ó títí. "Ó rẹwà," ó wí. "Ṣùgbọ́n òun kọ́."

"Kí ni ká tún ṣe níbẹ̀? Ẹ ṣáà sọ ọ́, wọ́n á tún un yà."

Ó dijú bó ti ṣe níjọ́sí. Nígbà tó lajú, ilẹ̀ ló ń wò.

"Ọmọ mi, èyí tẹ́ ẹ yà yìí ni mò ń rí."

Mo yára kọ ojú àwòrán náà sí ògiri. Mo ní kó fara balẹ̀, pé ti tẹ́lẹ̀ á padà wá.

"Tẹ́lẹ̀, kò sí ọjọ́ tí mi ò kì í rí i," ó wí. "Bí mo bá ti ń gbàdúrà, á dé."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo pè é lórí fóònù. Mo béèrè bóyá ojú ti tẹ́lẹ̀ ti padà wá.

"Rárá o. Obìnrin tẹ́ ẹ gbé wá yẹn ló ń wá."

Mo ṣì máa ń pè é. Ọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀ la máa ń sọ, àti òjò. Mi ò béèrè mọ́.