Ta Ló Ni Ewì Onígbàjámọ̀?

Gbogbo ọmọ ilé ìwé ló mọ ewì ogun tí onígbàjámọ̀ òdìkejì títì kọ. Wọ́n ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kíkà báyìí, orúkọ rẹ̀ lókè. Olóòtú ìwé ìròyìn wa ní kí n lọ kọ ìtàn ayé ọkùnrin náà. Mo kọ́kọ́ yẹ ewì yẹn wò dáadáa, ara sì fu mí.

Kúkúrú, kúkúrú, gígùn: bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn nìyẹn. "Òjò rọ̀. Ìbọn dún. Ilẹ̀ gbé ọ̀rẹ́ mi mì, kò pọ́n ẹnu lá." Ó sọ ilẹ̀ di ọ̀jẹun tí kò mọ oore. Ẹni tó hun irú èyí, etí rẹ̀ mú bí abẹ.

"Bàbá, ẹ kà á fún mi," ni mo wí nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ó gbé abẹ kalẹ̀. "Òjò rọ̀ ìbọn dún ilẹ̀ gbé…" Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi mì."

Ta ló ń kọsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ báyìí?

"Bàbá wọn, ẹ tún ti bà á jẹ́!" Ìyàwó rẹ̀, alágbàfọ̀, ló pariwo láti ẹ̀yìnkùlé. "Ẹ mí kí ilẹ̀ tó dé!"

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ó ti gbọ́ ọ títí, ó fẹ́ máa kọ́ mi."

Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Obìnrin náà ń fún aṣọ ibùsùn. Ó yí i. Ó tún yí i. Lẹ́yìn náà ló fún un, ó fún un títí omi fi tán. Kúkúrú, kúkúrú, gígùn.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ni ewì yẹn."

"Oníròyìn tàbí ọlọ́pàá, èwo ni ẹ́?" Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Nígbà tó tojú ogun dé, àwọn èèyàn ò jẹ́ kó sinmi. 'Kí lo rí? Sọ fún wa.' Ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n, abẹ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀, orí oníbàárà ń bẹ níwájú! Mo bá wá nǹkan tó lè sọ fún wọn. Tó bá ti kà á, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á lọ. Bóo bá yọ orúkọ ẹ̀, ìbéèrè ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Jọ̀ọ́, ọmọ mi."

Mo fura sí ìyẹn náà. Àbí ohun mìíràn ló ń bò mọ́lẹ̀?

Onígbàjámọ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. A ò mọ ìgbà tó dé. "Orúkọ tìẹ ni kí wọ́n kọ," ló wí fún ìyàwó rẹ̀.

"Bí wọ́n bá wá bi yín léèrè ńkọ́?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Màá sọ pé wọn ò fún mi níbọn. Ibojì ni mo ń gbẹ́ lójú ogun."

Aṣọ já bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ó nu ọwọ́, ó fa àpótí ìjókòó súnmọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ jókòó, kí ẹ sọ ọ́ fún mi." Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ, gbé ìwé ẹ. Máa lọ sílé."