Ògiri Tí Mo Dí Nímú

Òórùn amọ̀ tútù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń retí ní Ọ̀tà, níbi tí èéfín ilé-iṣẹ́ ti ń pàdé ẹni láti ìkóríta Ṣàngó. Síbẹ̀, òun ni mo máa ń rántí bí mo bá ti dé àdúgbò wa ní Ìjù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù káàkiri bí olú. Ìjọ wa ní ilé alámọ̀ kan tí àwọn àgbà kọ́ láyé àtijọ́. Inú rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, lẹ́yìn tí mo ti bí ọmọ méjì. Wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun mọ́ ọn lára, wọ́n sì ń wá ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún ilé tí kì í fi iná àti omi ṣòfò. Alága ìkọ́lé sọ ọ́ kedere: bí ilé àtijọ́ náà bá dí wa lọ́wọ́, wọ́n á wó o.

Èmi ni olórí bíríkìlà. Ẹ̀rù bà mí. Mo fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ògiri alámọ̀ náà, kó lè dán lójú ẹni tó ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Òjò ọjọ́ mẹ́ta rọ̀ lé e.

Obìnrin ni ẹni tó wá. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Ògiri ń làágùn. Ó fi ìka kan sìmẹ́ńtì, sìmẹ́ńtì náà sì ṣí bọ́ sílẹ̀.

"Ta ló dí ògiri yìí nímú?"

Alága ń wo àwọn lébìrà. Mo ní, "Èmi ni, mà."

"Amọ̀ ń mí, ọ̀gá. Ẹ há omi mọ́ ọn nínú. Ẹ tún un ṣe kí n tó padà wá lóṣù tó ń bọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò ní buwọ́ lù ú."

Nílé, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí. "Inú ilé amọ̀ ni wọ́n bí ẹ̀yin náà sí. Àbí ìwé tí ẹ kà ló lé e kúrò lórí yín?"

Òótọ́ ló sọ. Mo ń tijú amọ̀ ni.

A ha sìmẹ́ńtì náà kúrò, a jẹ́ kí ògiri gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi wá bá wa níbi iṣẹ́, ó ká ìró sókè, ó da koríko gbígbẹ sínú amọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ pò ó. "Ọ̀gá bíríkìlà, ẹ bọ́ bàtà yín!" Àwọn lébìrà hó yèè. Mo bọ́ ọ. Amọ̀ tí a pò náà la fi tún ògiri rẹ́.

Nígbà tí obìnrin náà padà dé, ó gbé ọwọ́ lé ògiri, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e kúrò. Ó mú bírò jáde.

Ìyàwó mi ti dolóògbé báyìí. Àwọn àgbàlagbà ṣì ń kọ́ ìwé nínú ilé alámọ̀ náà láìtan fáànù, nítorí inú rẹ̀ máa ń tutù. Mo ti rò rí pé bí èèyàn bá fẹ́ lọ síwájú, àfi kó bo ibi tó ti wá mọ́lẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, a máa ń po amọ̀ láti fi dí ibi tó bá sán lára ògiri. Lọ́dún yìí, alága ló kọ́kọ́ bọ́ bàtà.