Èéfín Ata Nínú Àká Ìyá Àgbà

Ọjọ́ tí a fi èéfín ata pa àdán nínú àká ìyá àgbà mi ní Ìlobù ni n kò lè gbàgbé. Ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìyá àgbà rí ìgbẹ́ dúdú lórí àgbàdo. Wọ́n ní, “Fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá rún, àdán tó ń bá wa jẹ kòkòrò ni. Bí ó bá le, eku ni.”

Ìríra kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Mo ní, “Ó le, Ìyá.”

Wọ́n da ata gbígbẹ sínú ìkòkò iná, wọ́n gbé e sínú àká, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Nígbà tí a ṣí i, òkú àdán ló kún ilẹ̀. Ọ̀kan ṣì fi apá bo ọmọ rẹ̀.

“Ṣé o tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́?”

“Mo tẹ̀ ẹ́, Ìyá.”

“A jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ lódì.”

Títí ìyá àgbà fi kú, n kò lè sọ fún wọn pé wọ́n kọ́ mi dáadáa.