Ta Ló Ní Kí Wọ́n Fọ Èémí Ruthell Dànù?

Màmá Verlene Mabry kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nínú ilé rẹ̀ ní Orange Mound, ní Memphis níbí. Ó darúgbó kó tó kú, mo gbà. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé ó re ibi àgbà ń rè. Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin yìí ń tọrọ: kí òun àti ọmọ àbúrò òun jọ gbọ́ téèpù kan tí òun fi ọwọ́ ara òun gbà sílẹ̀. Téèpù náà wà nínú ìlú yìí. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ibi tó wà náà ń gbé ìlú yìí. Màmá Verlene kú láìgbọ́ ọ.

Nígbà tí wọn kì í jẹ́ kí obìnrin dúdú sún mọ́ ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, ó ti jókòó sídìí rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń kan pósí tẹ́lẹ̀ ni sítúdíò tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn tó ti lọ ló ń bá òun gbe orin. Ibẹ̀ ni Ruthell, àbúrò rẹ̀, ti kọ orin kan ṣoṣo tó gbà sílẹ̀ fún un. Kò rí ẹni bá a gbé ọmọ, ló bá gbé Glenda tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́ dání. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ sunkún, Ruthell yíjú sí i, ó bá a sọ̀rọ̀. Téèpù ti ń yí. Nígbà òtútù ọdún yẹn, àrùn ẹ̀dọ̀fóró gbé Ruthell lọ.

Téèpù ní ìwà kan. Tó bá pẹ́ ní kíká, ohùn á ràn láti ìpele kan sí èkejì, ẹ ó sì máa gbọ́ òjìji orin náà fínrín kí orin gan-an tó wọlé. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń ká a, ìparí téèpù ni wọ́n máa ń fi síta, kí òjìji náà lè tẹ̀ lé ohùn lẹ́yìn, kí ohùn bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ Màmá Verlene ló ṣe bẹ́ẹ̀, àyàfi ọ̀kan.

“Ti Ruthell nìkan ni mo fi ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ síta,” ló sọ fún mi. “Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ pé ó ń bọ̀ kó tó dé.”

Ìgbà tó yá, ilé iṣẹ́ Halbrook ra sítúdíò náà tòun ti téèpù inú rẹ̀. Wọ́n da orin sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n kó téèpù lọ sí stọ́ọ̀ kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Màmá Verlene bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n fi orin Ruthell ránṣẹ́ sí fóònù mi. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un.

“O ò tíì tẹ̀ ẹ́ ni?”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́, Màmá. Ruthell ló ń kọrin yìí.”

Ó gbọ́ ọ dópin. “Ọmọ mi, Ruthell máa ń mí kó tó kọrin. Èémí ẹ̀ dà? Ọmọ tó ń sunkún dà? Òkú ni wọ́n gbé fún mi yìí. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi lọ́fínńdà sí i.”

A pe Mísítà Dunleavy, ọ̀gá wọn.

“A bá yín fọ̀ ọ́ mọ́ ni, mà,” ni ọkùnrin náà wí. “Ariwo pọ̀ nínú ẹ̀. Ohùn kan tún ń ṣáájú orin, àṣìṣe ni.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé àṣìṣe ni? Gbé téèpù mi wá.”

“A máa pè yín padà, mà.”

Ìpè yẹn là ń retí títí a fi sin ín.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó bí mi nínú jù. Halbrook kan náà ló ń ta ariwo téèpù fún àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin. Orin wọn mọ́ jù, kò lẹ́ran lára, ni wọ́n bá ń ra kíkùn téèpù àti ìró yàrá àtijọ́ láti fi bu iyọ̀ sí i. Ẹ fọ ariwo kúrò lára òkú, ẹ ń tà á fún alààyè. Ṣé ojú ò tì yín ni? Mi ò bá kọ̀ǹpútà jà. Kọ̀ǹpútà ò kọ èémí. Ènìyàn ló ń tẹ ohun tó fi ń pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wọnú téèpù ti wọ̀ ọ́: àga tó ń han, ọmọ tó ń ké, ẹ̀rù tó ń ba akọrin. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní ìdọ̀tí kò tíì pàdánù ẹnikẹ́ni.

Orin fífọ̀ náà ni wọ́n tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú. Halbrook fi òdòdó ńlá ránṣẹ́, orúkọ wọn lára rẹ̀ tóbi ju ti òkú lọ. Kí Ruthell tó kọrin, ibi tí èémí rẹ̀ yẹ kó wà pa lọ́lọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń fọ abọ́ nínú ilé, ó ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, tí wọ́n sì pa á lẹ́nu mọ́.

Níbi tí a ti ń jẹ ẹja díndín àti sípàgẹ́tì lẹ́yìn ìsìn, Glenda wá bá mi. Òun fúnra rẹ̀ ti ní ọmọ-ọmọ.

“Ṣé òótọ́ ni pé ìyá mi bá mi sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀?”

“Òótọ́ ni.”

“Kí ló sọ?”

Mi ò mọ̀. Màmá Verlene nìkan ló mọ̀ ọ́n, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹnu ìyá Glenda ni kí Glenda ti gbọ́ ọ.

Mísítà Dunleavy, ẹ dárúkọ ẹni tó ní kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Ẹ ṣí stọ́ọ̀ náà lọ́sẹ̀ yìí. Téèpù tó ti gba ọ̀rinrin, ooru jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́ kó tó ṣe é gbọ́, ó sì lè má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí á fi sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí Glenda wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má sì fọ nǹkan kan kúrò. Bí òjò bá sì ti bà á jẹ́, ẹ má fi òdòdó ránṣẹ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín wá sí Orange Mound, ẹ jókòó síwájú Glenda, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ gé e kúrò sọ ohun tí ìyá rẹ̀ wí fún un.