Ìjókòó Awọ Tí Bàbá Mi Rán

Lánàá ni mo wọ mọ́tò olówó kan. Òórùn awọ ìjókòó ẹ̀ gbá mi nímú báyìí, inú bí mi burúkú.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, awọ ni bàbá mi ń rán ní Pápá Àjàó. Gàárì ẹṣin ló ń rán l'Ọ́yọ̀ọ́ kó tó wá s'Ékòó. Lọ́jọ́ kan, lọ́yà kan gbé mọ́tò dúdú kan wá, tó ń dán bíi dígí. Dírẹ́bà ẹ̀ ní ọwọ́ làwọn òyìnbó fi ń rán ìjókòó ẹ̀, pé àwọn ọba ló ń gùn ún. Ìjókòó ẹ̀yìn ti ya.

Lọ́yà ní, "Bàbá, tẹ́ ẹ bá rán an tí mi ò rójú ibi tẹ́ ẹ ti rán an, màá fi gbé yín lọ kírun Jímọ̀."

Bàbá mi rán an. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó wọ agbádá funfun, gbogbo àdúgbò jáde, wọ́n ń kígbe sí i pé,

"Ẹ má gbàgbé wa tẹ́ ẹ bá dọ́hùn-ún o!"

Lọ́yà dé, ó fọwọ́ pa ìjókòó yẹn títí, kò rí ojú ibi tí wọ́n ti rán an rárá. Ló bá jókòó sórí ẹ̀, ó tilẹ̀kùn.

"Bàbá, òórùn awọ ti pọ̀ jù lára yín. Ẹ máa sáré tẹ̀ lé wa."

"Ọ̀gá ń bá mi ṣeré ni," Bàbá sọ fún wa. Ló bá ń sáré.

Mọ́tò á dúró dè é, tó bá ti kù díẹ̀ kó débẹ̀, á tún lọ. Eruku bo agbádá. Èmi ń pàtẹ́wọ́, mò ń pariwo, "Bàbá, ẹ sáré! Ẹ ti fẹ́ẹ̀ bá a!"

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ohùn mi ni kò jẹ́ kí Bàbá lè dúró.